"Ìpọ́njú-ọtí" kọ́ ni orúkọ rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe ojú tó ń pọ́n bí èèyàn bá mutí ní "ìpọ́njú-ọtí", mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó fèsì, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ìpọ́njú ti nílé tiẹ̀: ìyà, ìṣẹ́, òṣì. Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ ìpọ́njú-ọtí, ọkùnrin tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ mu ni yóò wá sí i lọ́kàn. Kò ní mọ̀ pé ará Japan tó mu ife bíà kan péré, tí ojú àti ọrùn rẹ̀ pupa yòò, là ń sọ.

Ọtí tó bá dénú ẹ̀dọ̀ á di acetaldehyde, májèlé ni. Ẹ́ńsáìmù, èròjà inú ara tó ń tú nǹkan palẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ALDH2 ló yẹ kó tètè pa oró rẹ̀. Nǹkan bí ìdá 36 nínú 100 àwọn ará Ṣáínà, Japan àti Kòríà ló jogún èyí tí kò lágbára. Májèlé á kóra jọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, ojú á pọ́n, ọkàn á máa lù kì-kì-kì. Wọn ò tíì yó o! Ẹni tó bá sì ń mu ún lọ bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun kò jìnnà sí i. Àwọn mìíràn ń gbé famotidine, oògùn inú, mì kí ojú má bàa pọ́n; ojú lè má pọ́n, májèlé ò kúrò níbẹ̀.

"Àmupọ́n" ni tèmi. Àmupara wà, àmuyó wà, àjẹkì wà. À- yìí kì í ṣe àjèjì. Àmì òkè ló wà lórí pọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnì kan kọ "àmupọn" lánàá, ó di ti ẹni tó mutí tán tó lọ pọn omi. Àbúrò tó ní àmupara ń sọ bí wọ́n ṣe mu ún ni, pé kò sọ ohun tó ṣe fún ara, àjẹsára ńkọ́? Ta ló ń fẹnu jẹ abẹ́rẹ́? Ohun tó ṣe fún ara ni orúkọ náà ń sọ.

Bàbá bàbá mi dẹ́mu títí ó fi darúgbó. Bí wọ́n bá ní "ojú ẹ ti pọ́n" lábẹ́ ọ̀pẹ, ẹyinjú ni wọ́n ń wò. Àìsí orúkọ kì í ṣe àìmọ̀kan àwọn àgbà: ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà n'Ìbàdàn fún iṣẹ́ HapMap, ìwádìí àbùdá àwọn èèyàn káàkiri ayé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, kò fi àbùdá ALDH2 tí kò lágbára yìí hàn. Kí ni wọn ìbá rí tí wọn ìbá sọ lórúkọ?

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ pípọ́n" tí ẹlòmíràn mú wá náà ò tó, torí pípọ́n ọ̀hún máa ń dé àyà. Ẹni tó sì ní wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ kan fún un l'Ékìtì, kó kọ ọ́ wá pẹ̀lú àmì ohùn, kó sì dárúkọ ìlú tó ti gbọ́ ọ.