Ọ̀rọ̀ wo ló bá Darkest Dungeon mu? Lórí “àrólé”, “bárakú” àti “bèbè ikú”

Darkest Dungeon jẹ́ géèmù kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti ń rán ikọ̀ akọni lọ jà nínú ihò, àwọn kan sì ń dábàá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó fi máa kọ nípa rẹ̀. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tó yẹ irú géèmù tó jẹ́ (“role-playing game” lédè Gẹ̀ẹ́sì): “eré agbéwọ̀”, “eré ipò ẹlòmíràn” àti “eré adarí-ikọ̀”. Ẹ̀kẹta ni mo fara mọ́, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí géèmù náà ṣe ń ṣiṣẹ́. “Agbéwọ̀” dára níbi tí ẹni tó ń gbá géèmù bá ti di akọni kan pàtó, tó gbé e wọ̀ bí a ṣe ń gbé ẹ̀kú wọ̀, tó sì ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Níbí, kò sí ẹni tí a gbé wọ̀. Baba ńlá kan ló walẹ̀ lábẹ́ ilé ńlá rẹ̀ títí ó fi tú ohun tí kò yẹ kó tú sílẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí ọmọ ìdílé rẹ̀ pé kó wá gba ilé, ó sì para rẹ̀. Ìwọ ni ọmọ náà. Yorùbá ti ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tipẹ́: “àrólé”, ẹni tó jogún ilé pẹ̀lú gbogbo ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Àrólé yìí kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ihò. Àwọn ẹlòmíràn ló ń rán. Ẹni tó bá ka géèmù náà sí agbéwọ̀ yóò máa wá akọni tirẹ̀, kò ní rí i, yóò sì wá kọ ọ́ pé géèmù náà kò ní ọkàn. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣì láti orí orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra pẹ̀lú “géèmù àgbàlagbà”. Bí a bá pe fíìmù kan ní ti àgbàlagbà, ìhòòhò ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa lọ. Ohun tó mú kí eléyìí ju ọmọdé lọ yàtọ̀ sí ìyẹn: ìpara-ẹni, jíjẹ ẹran èèyàn, ẹ̀jẹ̀, àti ọkàn èèyàn tó ń bàjẹ́ lójú ẹni. “Ó ju ọmọdé lọ” ni kí a kọ, kí a sì dárúkọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kankan (“indie” lédè Gẹ̀ẹ́sì), “adáṣe” tẹ́ mi lọ́rùn ju “olómìnira” lọ, torí òmìnira ti sún mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú jù. Red Hook Studios ni wọ́n, ní Vancouver ní Kánádà. Ọdún 2014 ni wọ́n ké sí àwọn èèyàn lórí Kickstarter, ìkànnì tí èèyàn ti ń dáwó fún iṣẹ́ tuntun, fún dọ́là 75,000, ohun tó wọlé sì ju 300,000 lọ. Ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2016 ni géèmù náà jáde ní kíkún.

Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù wà lórí àwọn èèyàn inú rẹ̀. Àwọn kan ní kí a kọ pé “ẹ̀dá ìtàn 15” ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó máa ta àfikún géèmù náà. Mi ò gbà. Ẹ̀dá ìtàn ní ìtàn tirẹ̀ tí kò bá ẹlòmíràn dọ́gba. Níbí, o lè gba dánàdánà mẹ́ta sílé lẹ́ẹ̀kan náà, ojú kan náà, ohùn kan náà, àfi àwọ̀ aṣọ, orúkọ àti àṣà tí kálukú gbé wá. Ẹ̀yà akọni 15 ló wà, èèyàn inú wọn kò sì lóǹkà. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó bá ka iye orúkọ lásán yóò yin géèmù náà fún ohun tí kò ṣe, yóò sì fo ohun tó ṣe gan-an.

Ohun tó ṣe ni pé ó mú kí o nílò ọ̀pọ̀ èèyàn. Mẹ́rin péré ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá padà dé pẹ̀lú ìdààmú yóò lo ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ọtí tàbí ilé àdúrà, ó sì lè sọnù lọ láti ilé ọtí fún ìgbà díẹ̀, tàbí kó fi ẹrù rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Akọni tó bá ti dé ìpele 3 kò ní bá ọ lọ sí iṣẹ́ ìpele 1 mọ́. Ó gbà pé ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ihò ìkẹyìn, iṣẹ́ mẹ́rin ló wà, ẹni tó bá sì ti ibẹ̀ bọ̀ láàyè kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, ó di akọni 16 tí o gbọ́dọ̀ tọ́ dàgbà. Ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ tó tóbi jù wà: títọ́ èèyàn 16 dé ìpele 5 tàbí 6 máa ń sọ ìdajì kejì géèmù di iṣẹ́ àṣetúnṣe. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà ìgbágéèmù kan tó fúyẹ́ kún un lọ́dún 2017, wọ́n dẹ òfin tó ń jẹ́ kí akọni kọ iṣẹ́ ìpele kékeré. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà tí ó gbà gbá a.

“Ipò” ni wọ́n dábàá fún ibi tí akọni dúró sí nínú ìlà. Ipò ti rù púpọ̀ jù, àní oyè wà nínú rẹ̀. “Àyè” ló yẹ, torí àyè ni wọ́n ń jà lé lórí. Àyè 1 ló wà níwájú, àyè 4 ló wà lẹ́yìn. Adẹ́tẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà akọni náà, tó ń fi idà ńlá jà, kò lè gbé idà náà láti àyè 3 tàbí 4, idà náà kì í sì kọjá ọ̀tá méjì iwájú. Bí ọ̀tá bá ká ikọ̀ rẹ mọ́ òjijì, ìlà yóò dàrú, adẹ́tẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lẹ́yìn, kó sì máa fi ìgbà tó yẹ kó jà rìn padà síwájú. Òkú ọ̀tá pàápàá ń gba àyè. Nígbà tí wọ́n fi òkú yìí kún un lọ́dún 2015, kí géèmù tó jáde tán, àwọn kan bínú gan-an, ilé iṣẹ́ náà sì jẹ́ kí ẹni tí kò fẹ́ ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú ètò géèmù. Èmi rò pé ó yẹ kó wà: láìsí òkú nílẹ̀, pípa àwọn tó wà níwájú nìkan ló máa tó.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù, ohun tí àwọn kan fẹ́ pè ní “wàhálà”, tí àwọn mìíràn pè ní “àárẹ̀”. Ìta ni wàhálà ti ń bá èèyàn. Ara ni àárẹ̀ ń ṣe. Ohun tí géèmù yìí ń kà láti 0 dé 200 wà nínú ọkàn: òkùnkùn ń fi kún un, ebi ń fi kún un, bí ọ̀tá bá ṣá ẹni kan kọjá ààlà, ó ń fi kún un. “Ìdààmú” ni mo dábàá. Bí ó bá dé 100, géèmù yóò dán ọkàn náà wò. Láìsí àfikún kankan, ìpín 75 nínú 100 ni pé yóò fọ́, ìpín 25 ni pé yóò le. Èyí tó fọ́ ni kí a pè ní “ìpòrúru ọkàn”, èyí tó le ni “ọkàn akin”. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo ìdààmú àti ìpòrúru, torí ọ̀kan ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀, èkejì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá wọ ìpòrúru lè kọ ìwòsàn, lè fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé o rán an, lè bú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ìdààmú tiwọn náà yóò fi gòkè. Báyìí ni ikọ̀ mẹ́rin tí ara wọn dá ṣáṣá ṣe ń parun. Ojú ara ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbá a fún ìgbà àkọ́kọ́ ń wò, wọn kì í wo ọkàn.

Akọni tí agbára ara rẹ̀ bá dé òdo kò tíì kú. “Ẹnu ọ̀nà ọ̀run” dùn létí, ṣùgbọ́n “bèbè ikú” ni a ń wí lójoojúmọ́, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: èèyàn lè wà ní bèbè fún ìgbà pípẹ́. Nígbàkígbà tí ọ̀tá bá tún lù ú níbẹ̀, ìpín 67 nínú 100 ni pé yóò yè é. Ìwòsàn kékeré kan tó láti fà á kúrò, àmọ́ àbùkù lára rẹ̀ kò ní lọ títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Ìdààmú tó bá dé 200 lè ju ẹni tí ara rẹ̀ le sí bèbè ikú lójijì. Bí ó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó parí. Géèmù fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú ibi tí o bá dé, o kò lè padà sẹ́yìn. Mo fara mọ́ “ikú àrèmabọ̀” fún èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan lè wáyé lábúlé tó jẹ́ kí o mú òkú kan padà. Ó ṣọ̀wọ́n débi pé kò ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

“Bárakú” ni àbá tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dín in kù. Akọni kọ̀ọ̀kan ń kó ìwà kéékèèké jọ, rere àti búburú. Afẹ́wọ́ wà nínú wọn: ó máa ṣí àpótí kí o tó wí pé kó ṣí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè wọ àpò rẹ̀ lọ. “Àṣà” tó fún gbogbo irú èyí. Ìgbà tí àṣà búburú bá pẹ́ lára tí géèmù fi tì í pa ni ó di bárakú, owó tí ilé ìtọ́jú yóò sì gbà láti yọ ọ́ máa ń pọ̀ sí i gan-an. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lẹ́nu wa nìyẹn gan-an.

Ní ti orúkọ àwọn ẹ̀yà, “dánàdánà” àti “ọdẹ alájá” kò ní àríyànjiyàn. Mo ta ko “babaláwo” fún ọkùnrin tó ń pe ẹ̀mí àìmọ̀ láti inú òkùnkùn. Babaláwo ń dá Ifá, ó ní ẹsẹ̀ tó kọ́, ó ní ẹbọ tó mọ̀. Ní ìpele àkọ́kọ́, agbára ara tí ìwòsàn ọkùnrin yìí ń dá padà lè dé 13, ó lè jẹ́ òdo, ó sì lè jẹ́ kí ẹni tó ń wò máa ṣẹ̀jẹ̀. “Oníṣẹ́ òkùnkùn” ni. Ohun kékeré méjì tí akọni ń fi sára ló kù. “Ohun ọ̀ṣọ́” kò tọ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fúnni lágbára lápá kan, wọ́n sì ń gbà á lápá kejì. “Oǹdè”, ìyẹn oògùn tí a ń so mọ́ra, ni mo fi sílẹ̀ fún àríyànjiyàn.