Bàyọ́lọ́jì ni mo kà, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ PhD neuroscience: kọ́ọ̀sì wo ni kí n mú?

Ọmọ Bàyọ́lọ́jì:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàyọ́lọ́jì ni mo fi gba oyè àkọ́kọ́, wọ́n sì ti gbà mí wọlé fún PhD nínú neuroscience, ìmọ̀ nípa ọpọlọ. Kọ́ọ̀sì méjì ló pọn dandan ní sáà àkọ́kọ́: ọ̀kan lórí sẹ́ẹ̀lì, èkejì lórí bí ọpọlọ ṣe ń darí ìríran, ìgbọ́ràn àti ìrìn. Ẹyọ kan péré ló kù tí mo lè fọwọ́ ara mi yàn. Ọkàn mi ń fà sí èyí tó dá lórí àìsàn ọpọlọ, torí ọ̀rọ̀ Alzheimer, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí àwọn àgbà máa gbàgbé nǹkan, gan-an ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó ti wà níbẹ̀ ní statistics ni kí n mú, kí n sì máa kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èmi àti ìṣirò ò sì rẹ́ rárá. Rotation láàbù mẹ́ta (màá ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó yan ọ̀kan) tún ń dúró dè mí lọ́dún kan náà. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Eku:
Àbúrò, o kú oríire. Mú statistics. Àìsàn ọpọlọ ò ní sá lọ, wàá kà nípa rẹ̀ títí á fi sú ọ.

Wo ohun tí mò ń rí nígbà gbogbo. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú eku márùn-ún tó ní àìsàn àti márùn-ún tí kò ní, á wọn iná lára ogún neuron, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, nínú ọpọlọ eku kọ̀ọ̀kan. Tó bá dé ìdí ìṣirò, á kọ ọ́ pé “n”, iye ohun tó dá dúró tí òun wọ̀n, jẹ́ 100 fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún kẹ̀! Eku márùn-ún ni. Ogún neuron tó ti inú orí kan ṣoṣo jáde máa ń jọra wọn: ẹranko kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gé ọpọlọ rẹ̀, ọwọ́ kan náà ló gé e. Tó o bá kà wọ́n bíi pé olúkúlùkù dá dúró, p-value (bó bá kéré, àbájáde á jọ pé kì í ṣe èèṣì) á kéré, inú rẹ á dùn, àbájáde náà á wá wó lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá tún un ṣe. Lo mixed model, ìṣirò tó ń ka neuron inú eku kan náà sí ẹbí kan, tàbí kó o kàn mú ìpíndọ́gba eku kọ̀ọ̀kan. Tó ò bá kọ́ èyí ní kíláàsì, reviewer, àwọn tó ń yẹ ìwé ìwádìí wò kó tó jáde, ni yóò kọ́ ọ, ẹnu wọn kì í sì í dùn.

Baba Kóòdù:
Ìyá Eku ti sọ ti statistics tán. Ẹ̀rù ìṣirò yẹn lèmi fẹ́ bá ọ lé lọ. Níbẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì sẹ́ẹ̀lì, ìṣirò ibẹ̀ ò ju logarithm lọ. Mú potassium: nínú neuron, ó tó 140 mM (millimolar, òṣùwọ̀n bó ṣe pọ̀ tó nínú omi); níta, bíi 5. Fi 140 pín 5 (5 ÷ 140), mú log rẹ̀ (log10), sọ ọ́ di ìlọ́po 61.5, iye tó bá ooru ara ènìyàn mu. Wàá rí −89 mV (millivolt, òṣùwọ̀n agbára iná). Ibẹ̀ ni potassium ń fa sẹ́ẹ̀lì lọ. Ṣe ti sodium náà, 145 níta, 15 nínú: bíi +61. Ṣùgbọ́n neuron tó ń sinmi máa ń wà nítòsí −70. Kí ló dé tó fi sún mọ́ ti potassium tó bẹ́ẹ̀? Ojú ọ̀nà potassium ló ṣí jù lára awọ rẹ̀ nígbà tó bá ń sinmi. Tí èyí bá ti yé ọ, ìdajì kọ́ọ̀sì ti yé ọ. (Ó dáa, mo bù mọ́ ọn díẹ̀.)

Ibi tó le ni ti Hodgkin àti Huxley, 1952, àwọn tó fi equation ṣàlàyé bí iná ṣe ń rìn lára neuron. Má há a sórí o. Kọ equation mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú Python, dín agbára sodium kù díẹ̀díẹ̀, kó o máa wo bí spike, ìró iná tí neuron fi ń ránṣẹ́, ṣe ń kú. Ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni Huxley fi ṣe tiẹ̀, ìwọ ní kọ̀ǹpútà.

Àdùkẹ́ Láàbù:
Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, rotation ló yẹ kí ọmọ yìí fi ọkàn sí jù. Tó bá ti yege qualifying exam, ìdánwò tí ọmọ PhD gbọ́dọ̀ yege kó tó lè tẹ̀ síwájú, ta ló tún máa béèrè máàkì kọ́ọ̀sì? Láàbù tó bá yàn ni yóò máa jí bá fún bí ọdún márùn-ún.

Àbúrò mi, bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàbù sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀gá ò sí nítòsí. Bi wọ́n pé ẹni tó gboyè kẹ́yìn lo ọdún mélòó, orúkọ ta ló máa ń ṣáájú lórí ìwé ìwádìí, ìgbà wo ni ọ̀gá ka iṣẹ́ wọn gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ń wojú ara wọn kí wọ́n tó dá ọ lóhùn, o ti gbọ́ ìdáhùn.

Kó o sì fi rotation kan kọ́ ohun tí o ò mọ̀ rí. Lọ wo patch clamp, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn iná lára sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Ẹnu ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín tí wọ́n fi ń ṣe é ò ju micron (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún milimítà) kan sí méjì lọ. Wàá rọra sún un títí awọ sẹ́ẹ̀lì á fi tẹ̀ wọnú díẹ̀, wàá fa atẹ́gùn pẹ́ẹ́, resistance, bó ṣe ṣòro fún iná láti jò gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, á fò kọjá gigaohm kan (ohm bílíọ̀nù kan). Nígbà míì sẹ́ẹ̀lì á kú mọ́ ọ lọ́wọ́, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ bóyá o ní sùúrù fún irú iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe nínú ìwé.

Ọmọ Bàyọ́lọ́jì:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti fara mọ́ statistics. Ṣùgbọ́n ọdún méjì méjì ni wọ́n ń kọ́ kọ́ọ̀sì àìsàn ọpọlọ yẹn. Tó bá fò mí báyìí, ó di ọdún kẹta mi.

Ìyá Eku:
Lọ bá olùkọ́ rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó o máa jókòó láìforúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń kọ́ amyloid àti tau, protein méjì tó ń ṣù jọ nínú ọpọlọ ẹni tó ní Alzheimer, nìkan ni kó o lọ. Tó bá bọ́ sí ọjọ́ tí láàbù rẹ ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún eku, iṣẹ́ abẹ ni kó o lọ ṣe.