Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: igi eucalyptus mi ń là lójú ẹsẹ̀

Káfíńtà Jọ́ọ̀sì: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ra eucalyptus 20 lórí ìdúró, èyí táwọn Hausa ń pè ní turare, ọdún 8 péré ló ti lò nílẹ̀, férémù ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ fi ṣe. A gé méjì láàárọ̀ yìí, kò tó wákàtí kan tí orí ìtì ti là láti àárín lọ sétí, a gbé e lọ sílé ìlagi, pákó àkọ́kọ́ tẹ̀ bí ọrun. Kí ni kí n ṣe sí 18 tó kù?

Bàbá Ràfíù: Oòrùn ni jàre. Jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòji kó o tó là á.

Ìyá Onígẹdú: Bàbá Ràfíù ẹ má bínú o, kì í ṣe oòrùn. Igi tí ò tíì lo wákàtí kan nílẹ̀, omi ṣì ń jò lára ẹ̀. Àtorí ìdúró ni wàhálà yẹn ti wà nínú ẹ̀: ara tuntun tó ń hù lábẹ́ èèpo máa ń fẹ́ súnkì, ti inú ò sì gbà fún un, ìta wá ń fà bí okùn tá a so le, àárín ni gbogbo ẹ̀ ń fún pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gé e, okùn já nìyẹn, ìta á súnkì, àárín á nà, ó là! Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló burú jù, torí ibi tó ń fà ò jìnnà síbi tó fún pọ̀, pákó kan á kó méjèèjì. Àbúrò, má jẹ́ kó gbẹ rárá kó o tó là á, lọ́jọ́ tó o bá gé e ni kó o là á, bí ò bá ṣeé ṣe, máa bu omi sí i.

Àrẹ̀mú Fúràsé: Òótọ́ lẹ sọ mà. Ẹ̀gbọ́n káfíńtà, ẹ má là á láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ dé ìkejì o. Ẹ yọ pákó kan, ẹ yí ìtì padà, ẹ yọ ọ̀kan lódìkejì, bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa ku àárín. Àárín yẹn, igi ìdáná ni, ó máa ń ṣẹ́ kpáá. Ẹ tún gé ìtì sí ìwọ̀n férémù yín, kẹ́ ẹ fi bí ẹsẹ̀ 1 kún un fún ibi tó máa là, torí pákó tó gùn ní ìlọ́po 2, títẹ̀ ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 4. Èyí tó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú oko, ẹ yà á sọ́tọ̀, apá òkè ẹ̀ máa ń fà ju ti igi tó dúró ṣánṣán lọ.

Adé Brazil: Níbí, wọ́n máa ń gbá irin pẹlẹbẹ tó rí bí S mọ́ orí ìtì kó má bàa là síwájú sí i. Kì í wo títẹ̀ o, lílà nìkan ló ń dá dúró.

Káfíńtà Jọ́ọ̀sì: Ẹ ṣé gan-an. 5 ló dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, màá tà wọ́n fún oníigi ìdáná. Àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́, màá bẹ bàbá tó ta igi fún mi kó jẹ́ kí wọ́n dúró kí wọ́n sanra sí i. Ọ̀la la máa gé mẹ́ta, a ó máa yí i padà bẹ́ ẹ ṣe wí.

Ìyá Onígẹdú: Tẹ́ ẹ bá là á tán, ẹ to pákó lábẹ́ òrùlé, ẹ fi igi pẹlẹbẹ sáàárín wọn, kẹ́ ẹ gbé òkúta wúwo lé e lórí.