Píkọ́ọ̀pù mi kọ̀ kò sítáàtì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò. Píkọ́ọ̀pù tí mo fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìkirè wá sí Bódìjà ni, láti ìjẹta, tí n bá ti yí kọ́kọ́rọ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù máa tàn dáadáa, màá gbọ́ "kọ́" ẹ̀ẹ̀kan péré lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó parí. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì ń yí tí kò wá gbaná o, kò yí rárá ni. Rẹwáyà ní bátìrì ló kú, àmọ́ mo fi mítà wọ̀n ọ́n, fóòtì 12.6 ló wà, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ kì í wálẹ̀ ju 12.4 lọ, lójú tèmi bátìrì tó ti kú máa já wálẹ̀ jùyẹn lọ. Mo ti fọ orí bátìrì, mo fi jíà sí N (níútírà) dípò P (páàkì), pàbó. Tí mo bá fi sípánà rọra gbá kíkísítátà, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì, ó máa ń jẹ́ nígbà míì, ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ó kọ̀ jálẹ̀. Ṣé búrọ́ọ̀ṣì tó ń gbé iná wọ inú kíkísítátà ló ti jẹ tán, àbí solenoid (súwíìṣì tó ń fún un níná), àbí wáyà ẹ́ẹ̀tì tó ti orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì wọ ara ẹ́ńjìnnì? Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó náwó sórí òmíì, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn èèyàn ti ń pọ́n sílẹ̀ lóko báyìí, ọkàn mi ò balẹ̀.