Mowe sí Marina lójoojúmọ́ pẹ̀lú mọ́tò ara ẹni: ẹ bá mi ṣírò ó

Adéọlá_Mowe

Ẹ̀yin ará òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Mowe là ń gbé, Marina sì ni iṣẹ́ tuntun tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ wà. Aago 8 àárọ̀ ni wọ́n ń wọlé, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Corolla 2005 ni mọ́tò mi, 1.8, jíà ọtọmátíìkì.

Mo fẹ́ mọ aago tó yẹ kéèyàn ti kúrò nílé, ibi tí ọ̀nà ti ń dì jù, iye lítà epo tí mo máa kà sí ọ̀sẹ̀ kan, àti ohun tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe lára mọ́tò kí n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí n máa gbé e sí Berger kí n wọ bọ́ọ̀sì dé Marina. Ṣé ìyẹn sàn jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi. "Ṣáà ti máa tètè jí" ti pọ̀ létí mi.

Bàbá_Arẹpo

Adéọlá, ọ̀nà yẹn kò jìn. Mowe sí Berger tó kìlómítà 20, Berger sí Marina sì tó 25 tó o bá gba orí afárá Third Mainland. Tí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀, wákàtí kan tó ó rìn. Ìdúró lójú kan ló ń jẹ epo, òun ló ń jẹ bíréèkì, òun náà ló ń jẹ orúnkún. Aago tó o bá fi jáde nílé ló máa pinnu gbogbo ìyókù.

Rí i pé o ti wà lórí márosẹ̀ kó tó di aago 5 ìdájí. Bó bá ti di 5:30, àwọn dáńfó á ti máa tò sórí títì gbé èrò ní Ibafo àti Magboro, lénì mẹ́ta á wá di ẹyọ kan. Ọjọ́ Ajé ló burú jù, torí àwọn tó lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ n'Íbàdàn náà ń bá wa wọlé lọ́jọ́ yẹn. Fi ìdajì wákàtí kún un.

Long Bridge, láti Warewa lọ sí Kara, ni kó o ṣọ́ra fún jù. Odò Ògùn àti àbàtà rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, kò síbi tí mọ́tò lè yà sí. Ẹyọ mọ́tò kan tó bá kú síbẹ̀ ti sé lénì kan pa nìyẹn, ẹsẹ̀ gosiló rẹ̀ á sì gùn dé Arẹpo. Tí gọ́ọ̀jì ìgbóná bá ti ń gòkè kó o tó débẹ̀, yà sí ilé epo tó bá sún mọ́ ọ jù, má ṣe dá a lábàá pé yóò gbé ọ kọjá. Ní Kara, àwọn tírélà tó kó màlúù máa ń yà wọ ọjà láìwẹ̀yìn wò, nítorí náà lénì àárín ni kó o máa gbà.

Lẹ́yìn Berger ni afárá Ọ̀tẹ́dọlá. Òkè ni, àwọn ọkọ̀ tó rù wúwo kì í sábà rí i gùn. Ibẹ̀ ni táńkà epo kan ti gbaná ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, mọ́tò tó jóná níbẹ̀ lé ní 50. Má ṣe lẹ̀ mọ́ ìdí táńkà tàbí tírélà lórí òkè yẹn láéláé. Fi àyè tó lè gba mọ́tò mẹ́ta sílẹ̀, bí dáńfó bá wọ àárín yín, tún fà sẹ́yìn.

Ní Old Toll Gate, ọ̀nà pín sí méjì: ọ̀kan lọ sí Ọjọ́ta, èkejì lọ sí Alapere àti Third Mainland. Láti ibùdókọ̀ 7-Up, tó ṣáájú ibẹ̀, ni kó o ti wà ní lénì tìrẹ. Ẹni tó bá dé ojú oríta kó tó máa gbé imú mọ́tò kọjú ìjà sí ti ẹlòmíì ni LASTMA (àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń darí ọkọ̀) ń dúró dè. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ gba one-way nítorí pé àwọn tó wà níwájú ń gbà á. L'Ékòó, mọ́tò rẹ lè di ti ìjọba lórí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ló le ju àárọ̀ lọ. Láti aago 4 ni Third Mainland ti ń dì síhà tó jáde kúrò ní Island. Níbi tí àwọn tó ń bọ̀ láti Gbagada ti ń wọlé ní Ọwọ́róńṣòkí ló ti máa ń le jù. Tí wọ́n bá gbà fún ọ níbi iṣẹ́ kó o máa wọlé ní 7 kó o máa jáde ní 4, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bí wọn ò bá gbà, dúró sí ọ́fíìsì títí di 7:30, nítorí ẹni tó jáde ní 5 kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ délé, epo rẹ̀ nìkan ló ń ṣáájú tìrẹ tán. Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lórí Third Mainland, gba Eko Bridge sí Ojúẹlẹ́gba, kó o bọ́ sí Ikorodu Road lọ sí Ọjọ́ta. Ọ̀nà yẹn gùn díẹ̀, àmọ́ ó láwọn ibi téèyàn lè yà kúrò. Orí afárá kò ní.

Kọ kàlẹ́ńdà rẹ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, Redemption City (ibùdó ìjọ Redeemed, RCCG) ń ṣe ìsìn òru, ìhà tiwa ni gbogbo èrò ń bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, Prayer City (ibùdó ìjọ Mountain of Fire) náà ń ṣe tiwọn. Oṣù kẹjọ ni àpérò ńlá RCCG, oṣù Kejìlá ni Holy Ghost Congress. Lọ́sẹ̀ méjèèjì yìí, bí o bá ní ẹbí tó lè gbà ọ́ sílé nínú Èkó, lọ sùn lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù kẹsàn-án àti kẹwàá, tí wọ́n bá tú omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, apá Isheri máa ń kún. Àwọn títì àdúgbò tí àwọn èèyàn fi ń yẹra fún márosẹ̀ á rì sómi, gbogbo wọn á sì padà sórí ẹyọ ọ̀nà kan ṣoṣo.

Rewáyà_Ibafo

Bàbá ti sọ ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti mọ́tò. Tí owó yín bá mọ níwọ̀n, ibi ìtutù ẹ́ńjìnì ni kí ẹ ná an sí kó tó kan ibòmíì. Tí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ń fẹ́ radiator fúnra rẹ̀. Nínú gosiló, fáànù nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́ yẹn, bí fáànù bá sì kú, ẹ ò ní mọ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ò ti lè dúró.

Ẹ dán an wò nílé báyìí: ẹ tan mọ́tò, kí A.C wà ní pípa, ẹ jẹ́ kó dúró lójú kan fún ogún ìṣẹ́jú. Fáànù gbọ́dọ̀ dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí gọ́ọ̀jì tó kọjá àárín, kó tún dá dúró, kó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tan A.C, fáànù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Àmì kan wà tí kì í tan èèyàn: A.C tó ń tutù nígbà tí mọ́tò ń sáré, tó wá ń fẹ́ ooru nígbà tí mọ́tò bá dúró. Fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni rọ gáàsì sí i.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín bóyá thermostat (ohun tó ń dá omi ẹ́ńjìnì dúró títí yóò fi gbóná tó) ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná. Mọ́tò tí kò ní in kì í gbóná tó lójú ọ̀nà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù, á sì máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ dá a padà. Coolant (omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún radiator) àti omi mímọ́ ní ìdajì-ìdajì ni kó wà nínú radiator. Omi kànga nìkan ń mú ìpẹtà wá, ìpẹtà yẹn ló sì ń di àwọn ihò tín-ín-rín inú rẹ̀. Ìdérí radiator náà ṣe pàtàkì: agbára tó fi ń ti omi náà mọ́lẹ̀ ni kì í jẹ́ kó hó ní 100°C. Tí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbẹ tàbí là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Tí gọ́ọ̀jì bá ń gòkè nínú gosiló, ẹ pa A.C, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan híítà dé òpin. Ara yín á gbóná lóòótọ́, àmọ́ ooru ẹ́ńjìnì lẹ ń fà jáde yẹn. Ẹ bọ́ jíà sí N, kí ẹ rọra tẹ iná díẹ̀. Tó bá ṣì ń gòkè, ẹ yà kúrò lọ́nà kí ẹ pa á. Orí ẹ́ńjìnì Corolla yẹn, aluminium ni, ó máa ń tẹ̀, owó àtúnṣe rẹ̀ á sì ju ti fáànù lọ fíìfíì. Ẹ má ṣí ìdérí radiator nígbà tó gbóná.

Kìlómítà 90 lójúmọ́ sún mọ́ 2,000 lóṣù kan. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ní 4,000 sí 5,000, torí wákàtí tó fi ń dúró kò hàn lórí mítà. Lítà 3.7 ló ń gbà pẹ̀lú fílítà, 5W-30. Irú ẹ́ńjìnì yìí (1ZZ) tó bá ti gbó máa ń mu ọ́ìlì. Ẹ fa ọ̀pá rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, kí ẹ tó tan iná. Ti ọ́ìlì jíà, èyí tí ìwé mọ́tò sọ ni kí ẹ lò. Kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì pupa ló bá a mu.

Bíréèkì: páàdì tó bá ti dín sí mílímítà 3, ẹ yọ ọ́. Táyà: lára rẹ̀, ní ìparí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà. 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021. Tokunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì dára lè ti pé ọdún mẹ́wàá, irú wọn ló ń bẹ́ lórí márosẹ̀. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kí táyà tó gbóná, iye tó yẹ wà lára sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà.

Ìyá_Ìbejì_Magboro

Ó kù ti owó. Corolla 1.8 tí ara rẹ̀ yá ń jẹ nǹkan bíi lítà 8 ní kìlómítà 100 tó bá ń rìn geere. Àlọ àti àbọ̀ yín jẹ́ 90, ìyẹn lítà 7 àti díẹ̀. Tó bá dúró tí ẹ́ńjìnì àti A.C sì ń ṣiṣẹ́, ẹ ka lítà 1 sí wákàtí kan. Ọjọ́ tó bá dára, lítà 8. Ọjọ́ tí ẹ bá fi wákàtí mẹ́ta jókòó nínú gosiló, 10 sí 11. Fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ ka 40 sí 55. Táńkì mọ́tò yẹn ń gba nǹkan bíi 50, nítorí náà fúlù táńkì kan ni ọ̀sẹ̀ yín. Ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ máa kún un, kí ẹ tún fi díẹ̀ kún un láàárín ọ̀sẹ̀ kó má bàa dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin: inú táńkì ni fuel pump (ohun tó ń fa epo lọ sí ẹ́ńjìnì) wà, epo ló ń mú un tutù.

Berger ńkọ́? Mowe sí Berger àlọ àti àbọ̀ jẹ́ kìlómítà 40, lítà 4 sí 5 pẹ̀lú gosiló. Ẹ dá lítà 4 sí 6 sí nìyẹn. Ẹ fi iye tí ilé epo ń ta lítà kan sọ ọ́ di owó, kí ẹ fi wé owó ibi ìgbọ́kọ̀sí àti owó bọ́ọ̀sì àlọ àti àbọ̀. Ẹ má gbàgbé pé Marina náà ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú mọ́tò, Berger máa ń pé. Tẹ́ ẹ bá tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ wà á dé Marina. Ibi tó ní géètì tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe etí títì tàbí abẹ́ bíríjì, wọ́n á fà á lọ. Ẹ fi owó sí káàdì Cowry, tí wọ́n fi ń sanwó bọ́ọ̀sì, láti ilé. Èrò tó ń tò ní CMS, ibùdókọ̀ Marina, láti aago 5 pọ̀, ẹ ka àkókò yẹn mọ́ ọn.

Àwọn aládùúgbò tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ kó. Owó ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n san án lọ́jọ́ Àìkú. Aago kan pàtó, kí ìdúró má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ má gbé èrò ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Àwọn àgbèrò á béèrè tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè kà yín sí kábúkábú, ìwé inṣọ́ránsì mọ́tò àdáni kì í sì í dúró fún ọkọ̀ tó ń gba owó èrò. Èyí tó burú jù nibẹ̀ ni pé ẹ ò mọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn yín ní aago 5 ìdájí.

Adéọlá_Mowe

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá Rewáyà, àmì tí ẹ sọ yẹn wà lára tèmi: A.C ń tutù lórí márosẹ̀, ó ń fẹ́ ooru ní ibùdókọ̀ Mowe. Ẹni tó wò ó ní kí n jẹ́ kí òun so fáànù ní direct, pé á máa yí láti ìgbà tí mo bá ti ṣáná. Ṣé kí n gbà?

Rewáyà_Ibafo

Ẹ má gbà. Fáànù tó ń yí láìsinmi á jó láìpẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ ọjọ́ tó kú. Àwọn míì á so ó mọ́ swítì pẹ̀lú. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé swítì yẹn lórí Long Bridge, ẹ́ńjìnì lọ nìyẹn.

Ẹ ní kó tẹ̀ lé e báyìí. Kó wo fíùsì fáànù lákọ̀ọ́kọ́. Lára ìdérí àpótí fíùsì wọ́n sábà máa ń kọ FAN tàbí RDI sí i. Tí fíùsì bá dára, kó yọ relay rẹ̀ (swítì kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ sí fáànù), kó fi relay míì tó jọ ọ́ nínú àpótí kan náà sí i, kí ó tún dán an wò. Tí kò bá ṣì yí, kó yọ púlọ́ọ̀gì fáànù, kó mú wáyà méjì láti bátìrì kàn án. Tó bá yí dáadáa, wáyà tàbí sensor (ohun tó ń wọn ìgbóná) ni kó wá lọ. Tí kò bá yí, tàbí ó ń fà á bí ẹni tó rẹ̀, mọ́tọ̀ fáànù ti jó, ẹ ra òmíràn. Kí ẹ tó sanwó, kó yí i pẹ̀lú bátìrì níṣojú yín.

Tí fáànù bá sì ń yí tí A.C ṣì gbóná, ẹ wo àárín condenser (tó dà bíi radiator, àmọ́ ti A.C ni) àti radiator. Eruku Mowe àti kòkòrò máa ń dí i pa. Láti ẹ̀yìn, níhà ẹ́ńjìnì, ni kó ti fomi fọ̀ ọ́ síwájú, pẹ̀lú omi tí kò le, kí àwọn ewé rẹ̀ má bàa wó. Ẹ tún ṣe ìdánwò ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ fún wa níbi tí gọ́ọ̀jì dúró sí.