Ọmọ mi fọ́ fóònù aládùúgbò, ó tún fi pamọ́

Ìyá Ọlọ́jà: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 10, ló mú fóònù ará ilé wa kan ṣeré, ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú fóònù náà fọ́ yángá. Kàkà kó sọ fún mi, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló tì í sí fún ọjọ́ 3. Nígbà tí wọ́n ń wá fóònù káàkiri ilé, òun náà ń bá wọn wá a! Ìyẹn ló dùn mí jù. Bàbá wọn ní dandan ni kí àwọn nà án. Mi ò fẹ́ kí ìyà pọ̀ jù lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ tọ́ òpùrọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ nà án. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa náà jẹgba, a sì di èèyàn.

Aránṣọ Ìtòkú: Olùkọ́, ẹ má bínú sí mi, sà. Aránṣọ ni bàbá mi, ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, nítòsí àwọn aládìrẹ. Ní 1991, mo jẹ́ ọmọ ọdún 11. Bàbá ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù eléèédú. Wọ́n lọ ra òwú, mo ní kí n fi áyọ́ọ̀nù náà lọ bùbá léèsì oníbàárà kan tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ròde ní Sátidé. Kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ ti lu sí ẹ̀yìn bùbá. Mo ká a, mo tì í sísàlẹ̀ àpò tí a ń kó àjákù aṣọ sí.

Òórùn ló tú mi fó. Bàbá yọ ọ́ jáde, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé iná ò jó ọ?" Wọ́n yí ọwọ́ mi wò, àtàǹpàkò ti lé ròrò. Wọ́n bu omi tútù sí abọ́, wọ́n ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

Àmọ́ wọn ò fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a jọ lọ sílé oníbàárà. Mo rò pé wọ́n á nàka sí mi ni. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ní, "Ìyá wa, ọwọ́ wa ló ṣe é." Ọwọ́ wa! Èmi náà dọ̀bálẹ̀ tì wọ́n. Wọ́n ra léèsì mìíràn, wọ́n rán an mọ́jú. Gbogbo ọlidé yẹn ni mo fi ń gbá ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń ran bọ́tìnnì, láti san tèmi.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ba nǹkan jẹ́, mo máa ń sá fún bàbá ni. Láti ọjọ́ náà, àwọn gan-an ni mo ń sá tọ̀. Ọmọọṣẹ́ 4 ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Èyí tó bá gé ankara lódì nínú wọn, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wá fi hàn mí.

Ìyá, ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù lọ́jọ́ 3 yẹn. Kí ẹ sì jọ lọ bẹ ẹni tó ni fóònù.

Ìyá Ọlọ́jà: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo bi í lálẹ́ àná. Ó ní òun gbọ́ tí bàbá òun ń sọ fún mi pé owó ilé-ìwé ò tíì pé, òun ò fẹ́ dá kún gbèsè. Bàbá wọn ń gbọ́ láti pálọ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n ní kó wọ bàtà, kí àwọn méjèèjì jọ lọ kan ilẹ̀kùn ará ilé náà. Wọn ò tíì dé.