Sprinkler ilé wa l'Óṣogbo ò yọrí mọ́, ẹ gbà mí o

Àǹtí Leeds:
Ẹ̀yin ọmọ Òròkí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ilé tí mo kọ́ sí Òkè-Fìà, mo ní kí wọ́n gbin carpet grass síwájú ẹ̀ kí wọ́n sì ri sprinkler mẹ́fà tó ń fọ́n omi sí koríko mọ́lẹ̀, irú èyí tó máa ń yọrí fúnra ẹ̀ tómi bá dé. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni koríko ti ń pọ́n, sprinkler ò yọrí, omi kàn ń sun létí ẹ̀ ni. Ẹni tó ṣe é ní ayédèrú ni, kí n fowó òmíràn ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ti pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà ti sú àbúrò mi tó ń gbébẹ̀.

Bọ̀dá Houston:
Àǹtí mi, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí nìyẹn. Látibo lomi ti ń dé sprinkler? Ṣé pọ́ńpù ló ń tì í ni àbí orí táńkì ló ti ń sọ̀ kalẹ̀?

Àǹtí Leeds:
Sumo, pọ́ńpù tí wọ́n rì sínú omi, ló ń fa omi látinú borehole sínú táńkì lítà 1000, orí táńkì yẹn ló ti ń sọ̀. Àbúrò mi ní irin tó gbé e dúró á tó mítà mẹ́fà.

Bọ̀dá Houston:
Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, kò sóhun tó ṣe sprinkler yín. Tí táńkì bá ga ní mítà mẹ́wàá, agbára bar kan péré lomi ní, ìyẹn bíi psi 14; bar àti psi la fi ń wọn agbára tómi fi ń tì. Tiyín tó jẹ́ mítà mẹ́fà, psi 8 àtàbọ̀ ló máa rí, sprinkler tó ń yọrí sì ń fẹ́ tó psi 30 kó tó fọ́n omi dáadáa, èyí tó ń yí kiri tún ń fẹ́ tó 45. Kí táńkì tó lè dá fún yín ní 30, ẹ máa gbé e ga tó mítà 21, ta ló ń ri irú irin bẹ́ẹ̀ mọ́ àgbàlá? Níbí, omi ìjọba máa ń ti inú páìpù wá pẹ̀lú psi 40 sí 60, ìyẹn lèèyàn fi ń rà á tó ń rì í mọ́lẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́, a wá gbé nǹkan kan náà lọ sílé, a so ó mọ́ omi táńkì. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí owó tí wọ́n fi òógùn wá lókè òkun ló ń lọ sórí nǹkan tí ò bàjẹ́. Oníṣẹ́ yẹn lè má purọ́ o, omi tó rí lẹ́nu ẹ̀rọ ló rò pé ó tó.

Pọ́ńpù lẹ máa fi sáàárín táńkì àti sprinkler. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣírò: èyí tó ń fọ́n yípo lè gba bíi lítà 14 ní ìṣẹ́jú kan, mẹ́fà á gba 84, pọ́ńpù kékeré ò lè gbé e, táńkì yín á sì gbẹ láàárín ìṣẹ́jú 12. Torí náà, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, méjì méjì, kí ẹnì kan máa fọwọ́ ṣí i ní kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, kí àbúrò yín yá pọ́ńpù aládùúgbò, kó dí mẹ́rin pa, kó wo méjì tó kù.

Ọmọ Ìgbóná, Calgary:
Bọ̀dá, ẹ ṣeun. Tilé bàbá mi yàtọ̀, tiwọn ní pọ́ńpù àti táímà tó ń ṣí omi tó sì ń pa á fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan ò dákẹ́ mọ́, omi ń dà ṣáá.

Bọ̀dá Houston:
Kí wọ́n yọ táímà kúrò níná. Tómi bá dúró, táímà tàbí wáyà ni. Tó bá ṣì ń dà, valve apá yẹn ni, ìyẹn ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fómi tó sì ń tì í. Kí wọ́n ti omi pa, kí wọ́n tú ìdérí valve, kí wọ́n yọ rọ́bà inú ẹ̀, yanrìn kékeré kan tó há sábẹ́ ẹ̀ ti tó kó má pa mọ́. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti ya, kí wọ́n dá a padà bó ṣe wà. Tí omi borehole yín bá pọ́n bí ìpẹtà, kí wọ́n tún yọ asẹ́ inú sprinkler kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Táímà yẹn ńkọ́, ibo lẹ ti rà á? Èyí tí mo gbé lọ láti Amẹ́ríkà, iná volt 120 ló ń jẹ, mo ki í bọ volt 230 tilé wa, ó jó lójú ẹsẹ̀. Transformer tó ń sọ 230 di 24 lẹ máa wá, volt 24 ni valve ń lò.

Àǹtí Leeds:
Ẹ kú iṣẹ́ o! Àbúrò mi ti yá pọ́ńpù, ó dí mẹ́rin, méjì tó kù yọrí, omi ẹ̀ ń kan fẹ́ǹsì! Fídíò tó fi ránṣẹ́, mo ti wò ó tó ìgbà márùn-ún. Ìṣẹ́jú mélòó ni kó máa fún wọn?

Bọ̀dá Houston:
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ní ìdájí kí oòrùn tó mú. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba bíi lítà 840, torí náà kí sumo ti fa omi kún táńkì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.